Ìlà Kan Ṣoṣo: Bí Kọ́tà Ọwọ́ Ṣe Ń Gé Táìlì

Bí ilé tuntun bá ti ń sún mọ́ àtiparí ní àdúgbò Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ariwo méjì ló sábà máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Èkíní ni igbe ẹ̀rọ oníná tó ń gé táìlì, tó ń da eruku funfun bo gbogbo fèrèsé. Èkejì kì í rìn ju ẹnu ọ̀nà yàrá lọ: ṣíììì, bí ẹni ń ya bébà, ìdákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà, kà! Táìlì ti di méjì. Kọ́tà ọwọ́ nìyẹn. Kò lo iná, kò lo omi, kò lo bẹntiróòlù. Nílùú tí iná lè lọ láàárọ̀ kó má sì dé títí alẹ́, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́lé mọ bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí púpọ̀ nínú táìlì tó ń bàjẹ́ lórí iṣẹ́, ọwọ́ tó lò ó ló bà á jẹ́, kì í ṣe pé táìlì náà kò dára.

Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kò gé nǹkan kan bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu. Ó ń kọ táìlì nílà ni, ó wá ń ṣẹ́ ẹ lójú ìlà náà. Ẹ wo obì àbàtà: ó ti ní ojú tirẹ̀ láti orí igi wá. Bí èèyàn bá ti ki èékánná bọ ojú yẹn, awẹ́ yóò yà sọ́tọ̀ láìsí wàhálà. Táìlì kò ní awẹ́. Wọ́n ti sun ún nínú iná tó gbóná ju 1,000°C lọ, gbogbo ara rẹ̀ ti di ọ̀kan. Iṣẹ́ kọ́tà ni láti fún un ní ojú tí yóò ti là.

Pèpéle irin tí wọ́n tẹ́ rọ́bà lé ni ìsàlẹ̀ kọ́tà. Láàárín pèpéle yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ sókè díẹ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn. Lókè, irin gbọọrọ kan tàbí méjì dábùú rẹ̀, orí kọ́tà sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí wọn. Ara orí yìí ni ọwọ́ tí wọ́n ń dì mú wà, àti rólà kékeré kan tí wọ́n fi tungsten carbide ṣe, ohun tó le ju ojú dídán táìlì lọ dáadáa. Lẹ́yìn rólà ni ẹsẹ̀ irin wà, tó yà sápá ọ̀tún àti òsì bí ìyẹ́ labalábá. Irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà níwájú, òun ni wọ́n ń ti etí táìlì mọ́ kó má bàa wọ́. Irú kọ́tà yìí kì í ṣe ti àná: ọdún 1951 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Boada dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìlú Rubí, ní Sípéènì, orúkọ ìlú yẹn ló sì wà lára kọ́tà wọn títí dòní.

Kí ló dé tí ìlà tí kò jìn ju fífi èékánná ha ara lọ fi lè la táìlì já? Táìlì lágbára láti gbẹ́rù, kò lágbára rárá láti nà. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá dúró dáadáa, èèyàn lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fáṣọ lé e, kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sórí ohun tó yọ sókè láàárín, tí wọ́n wá tẹ etí méjèèjì mọ́lẹ̀, ojú òkè rẹ̀ ní láti nà, kò sì mọ nínà, ló bá ṣẹ́. Bí kò bá sí ìlà lórí rẹ̀, ibi tó bá wù ú ni yóò ti ṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìlà rólà ni ẹnu tí ògiri là. Gbogbo agbára tí ọwọ́ bá fi tẹ̀ ẹ́ yóò kóra jọ sí orí ìlà náà, yóò sì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tààrà títí dé ẹ̀yìn táìlì. Ohun kan náà ni ẹlẹ́rọ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, A. A. Griffith, ṣàlàyé nípa gíláàsì nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1921: ibi tó ti sán, bó ti wù kó kéré tó, ibẹ̀ ni agbára máa ń wọ́ jọ sí. Àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé àti férémù fọ́tò náà, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fa ìlà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fa rólà lọ, wọ́n á tún fà á bọ̀, wọ́n á tún fà á lẹ́ẹ̀kẹta kó lè dá wọn lójú, bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ́ igi. Lẹ́yìn fífà àkọ́kọ́, èérún táìlì wẹ́wẹ́ ti wà nínú ojú ìlà. Bí rólà bá tún padà wá, orí wọn ni yóò máa gùn, yóò fọ́ etí ìlà yángayànga, ohun tó jẹ́ ẹnu kan yóò di ẹnu púpọ̀, táìlì yóò sì ṣẹ́ lọ síbi tí kò yẹ. Olóòlà ayé àtijọ́ kì í padà sójú abẹ tó ti fà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táìlì. Ìlà tó dára máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń funfun, kì í já láàárín, etí rẹ̀ kì í sì hó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nídìí táìlì kan péré. Ó kọ́kọ́ fi àkísà nu ojú táìlì, torí yanrìn kan lè gbé rólà fò. Ojú dídán wà lókè. Ó fi tépù wọn ibi méjì, kò wọn ibi kan, torí igun ilé kì í sábà gún régé: òkè lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32.4, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ 31.9. Ó sàmì sí méjèèjì, ó gbé táìlì lé pèpéle, ó sì mú kí àmì méjèèjì bọ́ sábẹ́ rólà. Ó gbé rólà sí etí gan-an, ó tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, ó wá ń tì í lọ láìdúró. Etí rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọ ju ojú lọ: ìró náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìró bá dákẹ́ lójijì, rólà ti fo ibì kan nìyẹn. Bó bá dé etí kejì, ó gbé ẹsẹ̀ irin lé orí ìlà, níbi etí táìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọwọ́ kọ́tà mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Kà! Ẹni tó bá ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn kò tíì fa ìlà rẹ̀ dáadáa.

Gbogbo táìlì kọ́ ló gba ọwọ́ kan náà. Èyí tó rọrùn jù láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni kí wọ́n dojú táìlì dé, kí wọ́n kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Táìlì ògiri bálùwẹ̀ yóò mu omi náà lójú ẹsẹ̀, àmì rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ara rẹ̀ rọ̀, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó o. Táìlì pọ́sílénì kò ní mu ún, omi yóò jókòó sórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò. Ìyẹn le, ó gba kí wọ́n tẹ rólà díẹ̀ sí i, ó sì gba rólà tó ṣì mú.

Ibi tí owó ń gbà lọ jù ni ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú kọ́tà. Ká mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú lóròó, irú èyí tó pọ̀ nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́. Sẹ̀ǹtímítà 366 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri pẹ̀lú táìlì 60 sí 60, odidi mẹ́fà yóò gba 360, yóò wá ku sẹ̀ǹtímítà 6, ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú gbogbo èèyàn yóò máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to odidi márùn-ún sí àárín, 66 ló kù, wọ́n á pín in sí 33 lọ́tùn-ún àti 33 lósì, wọ́n á wá yọ àlàfo àárín táìlì kúrò nínú rẹ̀. Yàrá á gún, kọ́tà náà á sì rí ibi tó fẹ̀ tó láti ṣẹ́. Bí ibi tí wọ́n fẹ́ yọ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2, kọ́tà ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣẹ́. Ẹsẹ̀ irin kò ríbi tẹ̀ dáadáa. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń já a díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ìlà.

Àwọn ibì kan wà tí kọ́tà ọwọ́ kò lè dé. Etí sí etí ni ìlà rẹ̀ ń lọ, kò lè dúró láàárín kó ṣẹ́rí. Igun ẹnu ilẹ̀kùn, ojú ihò páìpù bálùwẹ̀, àti òkúta gíránáìtì, ẹ̀rọ oníná ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni kó mọ. Inú eruku ẹ̀rọ yẹn ni silica, èròjà tó pọ̀ nínú yanrìn, wà, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bó bá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ́jọ́ dé ọjọ́, ó máa ń dá àpá sí i, àpá náà kì í sì í san. Silicosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ó dunni láti máa rí ọmọṣẹ́ kékeré tó fi áńkáṣíìfù dí imú, tó ń gé ohun tí kọ́tà ọwọ́ ìbá ṣẹ́ láìsí eruku. Áńkáṣíìfù kò lè dí i. Bó bá di dandan kí wọ́n lo ẹ̀rọ, kí wọ́n fi omi rin táìlì náà, kí wọ́n gé e níta, kí wọ́n sì lo ìbòmú tó yẹ. Lọ́dọ̀ kọ́tà ọwọ́ náà, dígí ojú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ kì í ṣe àṣejù, torí etí táìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ mú bí abẹ. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha etí náà kó tó kúrò lọ́wọ́.

Pátákó ilẹ̀ tó dà bí igi, àti pátákó oníke tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, kì í lọ sórí irú kọ́tà yìí, torí wọn kì í ṣẹ́ bí amọ̀. Tiwọn ní abẹ gígùn kan tó ń bọ́ lulẹ̀ bí wọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀; ìyẹn ń gé ní tòótọ́, kò sì ní eruku.

Lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ ra kọ́tà, gígùn ni kó kọ́kọ́ béèrè. Èyí tó gba 60 kò lè gé táìlì 60 sí 60 láti igun dé igun, torí ìdábùú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 85. Kó tún mi orí rẹ̀ wò lórí irin: bó bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìlà rẹ̀ kò ní tọ́ láéláé. Rólà ṣeé pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti táìlì tó máa bàjẹ́ bí wọ́n bá kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Epo díẹ̀ lórí irin àti nídìí rólà ti tó.

Àfọ́kù tó bá ṣẹ́ kù, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà nù. Èyí tó gùn ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń gé e ṣe ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tò sójú fàráńdà àti iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ lóríṣiríṣi, bí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ṣe fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá wọn láyé àtijọ́. Níbẹ̀, ojú tí kò dọ́gba kò ṣèpalára fún iṣẹ́, sìmẹ́ǹtì funfun ni wọ́n máa ń rọ sí àlàfo wọn.