Ṣíṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìtọ́jú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni páànù tó bo ẹ́ńjìnnì níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, omi rédíétọ̀, ọ́ìlì bíréèkì, bátìrì àti bẹ́líìtì wò. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju àkísà mímọ́ kan lọ, kò sì yẹ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àfi tí èéfín bá ti ń rú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ṣíṣí i léwu jù lọ. Àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná ọkọ̀, ni àkókò tó dára jù.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú. Volkswagen Beetle, tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, kò ní rédíétọ̀ rárá, ẹrù ni wọ́n sì ń kó síwájú rẹ̀.

Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe di mú

Ìkọ́ méjì ló ń di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Èkíní ni ìkọ́ ńlá tí wáyà so mọ́ ọwọ́ ìfà kan nínú ọkọ̀. Èkejì ni ìkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ nìkan ló lè tú u. Bí ìkọ́ ńlá bá ṣèèṣì tú lórí eré, ìkọ́ kékeré yìí ni kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kó fi bo gíláàsì iwájú mọ́ awakọ̀ lójú. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ààbò ọkọ̀ tó ń jẹ́ FMVSS 113 sọ ìdè ẹlẹ́ẹ̀kejì di dandan fún bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ti iwájú ṣí tó sì lè dí awakọ̀ lójú. Àwọn ọkọ̀ kan, bíi Saab 900 àtijọ́, iwájú ni híńjì bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn wà. Bó bá tú lórí ìrìn, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni yóò tì í mọ́lẹ̀.

Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà, ni ọwọ́ ìfà sábà máa ń wà. Àwòrán ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi wà lápá òsì ọkọ̀. Ní Britain, apá ọ̀tún ni sítíárìn wà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀, òsì ni wọ́n fi ọwọ́ ìfà sílẹ̀ sí, níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ní London lè wá a títí lábẹ́ sítíárìn láìrí i.

Kí a tó ṣí i

Ibi tó tẹ́jú, tó jìnnà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ni kí a gbé ọkọ̀ sí. Kí a fa háńbíréèkì, kí a fi gíyà sí ibi ìdúró, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì yọ kọ́kọ́rọ́. Lára ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, bíi Toyota Prius, ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ kó sì ṣàdédé gbiná fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iná READY bá ṣì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ gbé iná tó lè pa ènìyàn. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò dára nídìí ẹ́ńjìnnì. Kí a ká apá agbádá tàbí bùbá sókè, kí a tú ìborùn àti táì kúrò lọ́rùn. Fáànù rédíétọ̀ tó ń lo iná bátìrì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú pàápàá, tí ooru bá ṣì wà nínú omi, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago onírin náà kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́, nítorí bí irin bá so orí bátìrì méjèèjì pọ̀, á gbóná pupa lójú ẹsẹ̀, á sì jó awọ ara.

Bí a bá fa ọwọ́ ìfà, bọ́nẹ́ẹ̀tì á dún, á sì gbéra díẹ̀ níwájú. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ náà kò ju ibi tí ìka lè wọ̀ lọ. Kí a ti ìka bọ̀ ọ́ láàárín gbùngbùn, kí a wá ìkọ́ kékeré náà kàn, kí a tì í sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, kí a wá gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Bí ìkọ́ bá le, kí a má fi tipá fà á. Kí ẹnìkan tẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń fa ọwọ́ ìfà nínú ọkọ̀, yóò sábà tú.

Ọ̀pá ìgbébọ́nẹ́ẹ̀tì ní ihò tí wọ́n dá fún un. Ihò yẹn gan-an ni kó wọ̀, nítorí tí ó bá kàn fara ti etí páànù, atẹ́gùn ọkọ̀ àjàgbé tó bá kọjá lè yẹ̀ ẹ́ kúrò. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń lo ọ̀pá méjì tí gáàsì wà nínú wọn. Bí gáàsì náà bá ti rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì á máa rọra wálẹ̀ sórí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Igi tó lágbára ni kí a fi gbé e títí a ó fi pààrọ̀ ọ̀pá náà.

Ẹ́ńjìnnì tó gbóná

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Omi lásán máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń há atẹ́gùn mọ́ inú kí omi má baà tètè hó. Níbi tí ìdérí bá ti ń di nǹkan bíi 15 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn) mú, omi lè tó nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Ẹni tó bá ṣí ìdérí náà lójijì nígbà tó gbóná ti tú gbogbo agbára yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi náà á di ooru lójú ẹsẹ̀, á sì tú sójú, sí àyà àti sí apá rẹ̀. Àkísà tó nípọn kò tó láti gbà á.

Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ooru bá ti ń gun apá pupa, kí awakọ̀ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó sì pa ẹ́ńjìnnì. Bí ooru bá ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má tíì ṣí i, kó dúró títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ìdérí rédíétọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ jùyẹn lọ, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí ọwọ́ yóò fi gba rọ́bà òkè rédíétọ̀ láìjóni. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ tó nípọn bo ìdérí, kí a yí i díẹ̀, kí a dúró kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sú jáde tán, kí a tó ṣí i pátápátá. Omi tútù kò gbọdọ̀ kan ẹ́ńjìnnì tó gbóná rẹ́rẹ́, nítorí irin tó fẹ̀ nínú ooru lè sán bó bá sún kì lójijì.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbóná ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́tà tàbí Mókólà, tí ara rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ bí ọ̀nà bá ti là, fáànù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí atẹ́gùn ìrìn kò sí níbẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Èyí tó ń gbóná lórí eré ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, omi rẹ̀ ló ń jò, tàbí kí rédíétọ̀ ti dí, tàbí kí tẹ́mósítáàtì má ṣí.

Àwọn mẹkáníìkì kan ní Nàìjíríà máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò níbí. Wọn kò ṣe ọkọ̀ náà lóore. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni láti há omi mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, nǹkan bíi 82°C sí 90°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kó tó jẹ́ kó lọ sí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i ń ṣiṣẹ́ ní tútù, á máa mu epo púpọ̀, á sì máa tètè jẹ. Omi kànga àti omi bọ́ọ̀hóòlù náà kò dára fún rédíétọ̀, nítorí iyọ̀ inú wọn ń mú irin dípẹtà, ó sì ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́. Kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ ló yẹ ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ iná ló ń jó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí a má là á. Atẹ́gùn tó bá wọlé ni iná yóò fi ràn. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí a sì ti ẹnu ohun èlò ìpaná bọ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbéra díẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń béèrè ohun èlò ìpaná àti àmì onígun mẹ́ta lọ́wọ́ awakọ̀.

Ohun tí à ń yẹ̀ wò

Ọ́ìlì ni àkọ́kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́, kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì sàn padà sísàlẹ̀. Kí a fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, kí a nù ún, kí a tì í wọlé tán, kí a tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Ọ́ìlì dúdú kì í ṣe àmì àìsàn, iṣẹ́ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó funfun bíi ẹ̀kọ mímu ti bá omi pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn síwájú sí i. Àmì bíi 5W-30 tàbí 20W-50 lára gálọ́ọ̀nù ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ki tó ní tútù àti ní gbígbóná. Ìwé ọkọ̀ ló mọ èyí tó yẹ, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń jẹ ọ̀dà ara ọkọ̀ bó bá dà sí i. Bó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, páàdì bíréèkì lè ti jẹ. Bó bá lọ sílẹ̀ lójijì, ó ń jò níbì kan.

Bátìrì tó kún tó sì sinmi máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fólìtì. Bí a bá fẹ́ tú u, orí aláyọkúrò (èyí tó ní àmì −) ni kí a kọ́kọ́ tú, òun náà ni a ó sì so gbẹ̀yìn. Ìdí ni pé tí ó bá ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà orí kejì wá kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bátìrì a máa mú gáàsì tó ń tètè gbiná jáde. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣáná tàbí sìgá wò ó.

Eku fẹ́ràn ibi tó gbóná. Awẹ́ ọsàn tàbí egungun ẹja lórí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú rọ́bà wáyà tí eyín ti há, fi hàn pé ó ti ń sùn níbẹ̀, kí a sì pe rìwáyà kí wáyà tó kan ara wọn. Ológbò náà máa ń sá wọ ibẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lílu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó ṣíná máa ń lé e jáde.

Pípa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé

Kí a kọ́kọ́ wò ó pé kò sí sípánà tàbí àkísà tí a gbàgbé sórí ẹ́ńjìnnì. Kí a dá ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀, kí a sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí a wá jẹ́ kó já fúnra rẹ̀. Fífi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín rẹ̀ a máa tẹ páànù wọnú. Kí a fà á sókè wò láti mọ̀ bóyá ìkọ́ méjèèjì ti mú un.

Táyà àti jáàkì

Ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀ líle ni jáàkì ń fẹ́, àti òkúta tàbí igi lẹ́yìn àwọn táyà tó kù. Kí táyà tó kúrò nílẹ̀ ni a ti ń dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ìwọ̀n atẹ́gùn táyà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tó lè gbà, kì í ṣe ohun tí fọ́kánáísà gbọ́dọ̀ fẹ́ sí i. Òfin Britain kò gba táyà tí ìjìnlẹ̀ ojú rẹ̀ kò bá tó 1.6 mílímítà mọ́. Fún ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tí wọ́n kọ sára táyà ṣe pàtàkì ju bí ojú rẹ̀ ṣe tuntun tó lọ: 3516 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2016, rọ́bà tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ sì lè bẹ́ lórí eré bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ jinlẹ̀.