.308 àti .30-06: ẹ má fi gígùn ọta mọ agbára ẹ̀

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí Òkè-Fìà níbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní òun fẹ́ ra ráífù tóun á máa fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ìbọn ṣe ní sójà títí tẹ́ ẹ fi fẹ̀yìntì, .308 àbí .30-06, èwo ni kí n rà?" Àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́, ni wọ́n bá gbà á bí ẹni gba igbá ọtí, gbogbo wọn ló ń pariwo pé èyí tó gùn ló le jù.

Orúkọ oríṣi ọta ráífù méjì ni .308 àti .30-06. Lóòótọ́, .30-06 ló gùn. Ọdún 1906 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á, ibẹ̀ ni 06 yẹn ti wá, idẹ tí wọ́n rọ ẹ̀tù sí gùn tó mìlímítà 63. Winchester, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta, gbé .308 jáde ní 1952, tiẹ̀ ò ju 51 lọ. Ṣùgbọ́n orí ọta tó ń fò jáde, bákan náà ló sanra.

Ẹ̀tù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba kẹ́ ẹ wọn gàrí wò, èyí tó kúnná máa kì pọ̀ nínú kóńgò, èyí tó rí wóro-wóro, afẹ́fẹ́ ló gba àyè ńnú ẹ̀. Nígbà tí .308 fi máa dé, ẹ̀tù ti dáa ju ti 1906 lọ, ó ń kì jọ dáadáa, torí náà idẹ kékeré gbé agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbà. Tẹ́ ẹ bá fi orí ọta 180 grain (nǹkan bíi gíráàmù 11.7) sí méjèèjì, .308 á máa sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 2,620 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, .30-06 á tó 2,700. Àgbọ̀nrín tó dúró ní ọgọ́rùn-ún mítà ò ní mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Ibi tí .30-06 ti gbapò ni orí ọta tó wúwo gan-an, bíi 220 grain, fún ẹran ńlá bíi béárì.

Mo ní kó mú .308. Ráífù FN tá a lò ní sójà, ọta tó ń jẹ, 7.62, ìbejì .308 ni, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun tí ìbọn ti gbá léjìká lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì wọ́n ti di ojú pa kí wọ́n tó fà á, ọta á kàn lu ilẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń yìnbọn sí. .308 kì í gbáni tó .30-06, ráífù ẹ̀ náà sì lè kúrú díẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, òfin ìbọn ilẹ̀ wa ò gba aráàlú láyè láti ní ráífù ológun 7.62 àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ látọwọ́ Ààrẹ, ẹ má dán an wò.)

Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún un jù ni pé kò gbọ́dọ̀ da ọta méjèèjì pọ̀ sápò kan. .30-06 ò ní wọ ìbọn .308, ṣùgbọ́n .308 lè wọ ìbọn .30-06, àyè á ṣófo yí i ká, idẹ yẹn lè ya, kí iná àti èéfín padà sí ojú ẹni tó yìn ín. Wọ́n tẹ orúkọ ọta sí ìdí ẹ̀, ó kéré, ó sì máa ń ṣókùnkùn lójú, kó yí i sí ìmọ́lẹ̀ kó kà á kó tó kì í.