Ìdánwò NEBOSH IGC: ohun tí wọ́n ń wá, àti ibi tí máàkì ti ń jábọ́

NEBOSH ni àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1979, tó ń ṣe ìdánwò lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní International General Certificate, ìyẹn IGC, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ epo àti ti ìkọ́lé ní Nàìjíríà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe sáfẹ́tì ọ́físà. Apá méjì ló ní. IG1 dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ààbò níbi iṣẹ́, máàkì 100 ni: ẹni tó gba 45 ti yege, 65 ni Credit bẹ̀rẹ̀, 75 ni Distinction. IG2 jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ṣàyẹ̀wò ewu ní ibi iṣẹ́ gidi. Èyí kò ní Credit, kò ní Distinction. Ẹni tí kò bá yege máa tún un ṣe ni. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ọdún 5.

Láti 2020 ni wọn ò ti kó èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn fún IG1 mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìbéèrè ti ń wá, wákàtí 24 ló sì wà láti fi dáhùn, pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ìbéèrè kan kì í wá lásán, ìtàn ibi iṣẹ́ kan ló máa ń ṣáájú rẹ̀, tó lè gba ojú ìwé kan tàbí méjì. Ohun tó wà nínú ìtàn yẹn ni ẹni tó ń máàkì fẹ́ rí nínú ìdáhùn, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Ìtàn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ ìbòrí abẹ ayùn kí iṣẹ́ lè yá, alábòójútó rí wọn, ó kọjá lọ. Ìbéèrè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ irú ìwà tí wọ́n ń hù sí ọ̀rọ̀ ààbò níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pàtàkì mú ààbò" kò gba nǹkan kan, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn bá gbogbo iléeṣẹ́ ayé mu. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "alábòójútó rí ayùn tí kò ní ìbòrí, kò dá iṣẹ́ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ máa rò pé iye àga tí wọ́n bá ṣe lóòjọ́ ló jẹ ọ̀gá lógún" ti gba máàkì. Kókó kan pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀ ni máàkì kan. Bí ìbéèrè bá jẹ́ máàkì 10, kí kókó tó wà nílẹ̀ tó 12 tàbí 13, torí díẹ̀ nínú wọn lè jọ ara wọn.

Nítorí náà, ìgbáradì tó ń so èso ni kíka ìtàn, ó ju kíkọ́ ìwé sórí lọ. NEBOSH ní àpẹẹrẹ ìbéèrè tó gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìtàn kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: ìdí tí ààbò fi ṣe kókó, ètò ìṣàkóso, ìwà èèyàn àti ìlànà iṣẹ́, àyẹ̀wò àti ìwádìí ìjàǹbá. Kó wá kọ gbogbo ohun tó rí nínú ìtàn sábẹ́ ibi tó yẹ. Ohun kan ṣoṣo lè wúlò níbi méjì: ìjàǹbá tí wọn ò kọ sílẹ̀ jẹ́ àléébù nínú àyẹ̀wò, ó sì tún jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ láti sọ̀rọ̀.

NEBOSH fojú bù ú pé iṣẹ́ wákàtí 4 sí 5 ni, kí gbogbo ìdáhùn sì wà ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 3,000. Wákàtí tó kù wà fún oúnjẹ, oorun àti iná tó lè lọ. Àkókò Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lò: láti òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, ó bá ti Nàìjíríà mu, láwọn oṣù yòókù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè ka àkókò tó kù fún un lódì.

IG2 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fojú kéré, bẹ́ẹ̀ ó le ju bó ṣe rí lójú lọ. Apá mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èkíní máa ṣàlàyé ibi iṣẹ́: iye òṣìṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi tí àyẹ̀wò dé, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kà, àwọn tó bá sọ̀rọ̀. Bí iléeṣẹ́ kò bá fẹ́ kí orúkọ òun jáde, wọ́n lè fi orúkọ mìíràn sí i.

Èkejì ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ewu tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10, kí wọ́n sì wá láti ìsọ̀rí 5 ó kéré tán. Ewu mẹ́wàá láti ìsọ̀rí mẹ́rin kò kún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ibi iṣẹ́ tó ní oríṣiríṣi nǹkan. Ọ́fíìsì kékeré máa ń fi í sílẹ̀ ní wíwá ewu kiri. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa ní ariwo, eruku pákó, gbígbé ẹrù, ẹ̀rọ, iná mànàmáná, gọ́ọ̀mù tó lè gbiná, àti ilẹ̀ tí pákó gbà.

Lórí ewu kọ̀ọ̀kan, ó máa kọ ẹni tó lè fara pa àti bó ṣe lè ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ti ń ṣe, ohun tó kù, ìgbà tó yẹ kó parí, àti ipò ẹni tó máa ṣe é, kì í ṣe orúkọ ẹni náà. "Ẹ̀rọ" kò tó láti pè ní ewu. Abẹ ayùn tó ń yí láìní ìbòrí ni ewu. Káfíńtà tó ń ti pákó àti ọmọṣẹ́ tó ń gbà á lódìkejì ni abẹ lè gé ní ìka. Ohun tó kù láti ṣe: kí wọ́n dá ayùn dúró lónìí títí ìbòrí á fi padà sórí rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi igi ti pákó nígbà tó bá ku mílímítà 300 kó gé tán, kí ọwọ́ má bàa dé ìdí abẹ. Lórí eruku, ẹ̀rọ tí ń fa eruku láti ojú ayùn ló máa ṣáájú, ìbòmú ló máa kẹ́yìn, torí ìbòmú kì í mú eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì yọ ọ́ máa fà á sínú. Eruku pákó lè fa ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma), ó sì lè fa jẹjẹrẹ imú. Ohun tó sábà máa ń mú kí wọ́n dá iṣẹ́ padà ni "kí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́" tí wọ́n kọ sórí gbogbo ewu, pẹ̀lú "ọ̀sẹ̀ kan" àti "máníjà" nínú gbogbo ìlà.

Nínú apá kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ohun mẹ́ta jáde láti apá kejì, ó sì máa fi ìdí múlẹ̀ pé àwọn ló yẹ kó ṣáájú. Ó máa kọ ìdí ti ọmọlúàbí, ti òfin àti ti owó. Lórí òfin, ó yẹ kó dárúkọ ọ̀kan tó bá ewu mu: ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, C119 ti 1963 fún ìbòrí ẹ̀rọ, C148 ti 1977 fún eruku àti ariwo, ẹsẹ 16 nínú C155 fún ojúṣe agbanisíṣẹ́ lápapọ̀. Ó tún máa sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ewu ṣẹlẹ̀, bí ìpalára ṣe máa tó, iye èèyàn tó kàn, àti bóyá ohun tó dábàá máa mú ewu náà kúrò pátápátá. Ìbòrí kò mú un kúrò pátápátá, torí ẹnì kan ṣì lè yọ ọ́. Kíkọ èyí ní gbangba ń fi kún iyì iṣẹ́ náà.

Apá kẹrin kúrú: ọjọ́ àtúnyẹ̀wò àti ìdí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa sọ àbájáde fún àwọn òṣìṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti ṣe ohun tó yẹ. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ "lẹ́yìn ọdún kan" láìsọ ìdí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dá wọn padà.

Lẹ́yìn IG1, iléèkọ́ tó forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ máa pè é lórí fídíò, á wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, á sì béèrè bó ṣe dé ìdáhùn tó kọ. Kò ní máàkì, ṣùgbọ́n èsì kò ní jáde láìsí i. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹ̀rí nínú ìtàn máa rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ ìdáhùn rẹ̀ fún kò ní rí nǹkan kan sọ.