Iye-Ì-Bá-Jẹ́: Àlàyé Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Ka Ìròyìn Ìpara-ẹni Lásìkò Àjálù

Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé lọ́dún 2020, ìròyìn gba ìgboro kan pé àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Púpọ̀ nínú ìròyìn náà kò ní nọ́ńbà nínú rárá. Èyí tó sì ní, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní: iye àwọn tó kú lóṣù yẹn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ fún wa pé nǹkan pọ̀ tàbí pé ó dín. Ó pọ̀ ju kí ni lọ? Ó dín sí kí ni? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là lónìí ló dáhùn ìbéèrè yìí, òun náà ni iye-ì-bá-jẹ́.

Iye-ì-bá-jẹ́ ni iye èèyàn tí ì bá gba ẹ̀mí ara wọn ká ní àjálù náà kò ṣẹlẹ̀. Ojú kò lè rí i, nítorí àjálù ti ṣẹlẹ̀ ná. Ìṣirò la fi ń wá a, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn oṣù tó ti kọjá. Bí a bá ti rí i, a ó gbé iye tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàfo àárín méjèèjì ni a ó sì pè ní iṣẹ́ ọwọ́ àjálù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní «iye tí a ń retí». Ìyẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Ọmọ là ń retí, òjò là ń retí, owó oṣù là ń retí. Ta ló ń retí kí ọmọlọ́mọ gba ẹ̀mí ara rẹ̀? Bí a bá gbé e jáde lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ń retí ikú 200 lóṣù yìí, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ọ, á sì rò pé ẹnì kan wà níbì kan tó ti jókòó de òkú ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ tó lè dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sára èèyàn kò yẹ kó wà lẹ́nu oníròyìn. Àwọn mìíràn ní «iye tó yẹ», èyí sì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí iye kankan tó yẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyọ kan ti pọ̀ jù. Àwọn tó kàwé jù sì gbé «kaunta-fákíṣúà» wá, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń pè é kò lè là fún ìyá rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀ ni «iye àtẹ̀yìnwá», mo sì mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń jà fún un gidigidi. Ó tì. Ẹ wo ilẹ̀ Japan. Lọ́dún 2009, 32,845 èèyàn ló gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni iye náà ti ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, títí ó fi di 20,169 lọ́dún 2019. Bí iye ọdún 2020 bá wá dọ́gba pẹ̀lú ti 2019 gẹ́lẹ́, ẹni tó ń fi iye àtẹ̀yìnwá ṣe òṣùwọ̀n á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan tó ti ń lọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ti dúró gbọin, èèyàn tó yẹ kó wà láàyè sì ti kú. Ohun tó ti kọjá kọ́ là ń wá, ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ni.

Yorùbá sì ti ní «ì bá» kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé ìṣirò wá bá wa. «Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn aládùúgbò, ilé náà ì bá jó tán.» «Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tètè dé.» Ọmọ ọdún mẹ́fà ń lò ó, kì í sì í ṣì í lò. Àwọn tó ní gbólóhùn ni, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún mi kí ni «mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà» àti «gbájúẹ̀» jẹ́ kí wọ́n tó di orúkọ lẹ́nu gbogbo wa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ẹ wo kànga àgbàlá kan. Nínú òjò, omi rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á so okùn mọ́ okùn kí garawa tó bá omi. Aládùúgbò kan wá gbẹ́ bóhòlù sẹ́yìn ògiri lóṣù kọkànlá. Nígbà tó di oṣù kejì, baálé ilé figbe ta pé bóhòlù ti fa omi òun gbẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù kejì ni kànga máa ń fà, bóhòlù wà, bóhòlù kò sí. Ṣùgbọ́n bí ìyálé ilé náà bá ti ń fi ọ̀dà sàmì sínú kànga lóṣooṣù láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ ó rí bí omi ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì rí i bóyá ó ti ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí bóhòlù tó dé. Láti ara àwọn àmì wọ̀nyẹn lẹ ó ti mọ ibi tí omi ì bá wà lóṣù kejì ọdún yìí. Ẹ wá ju garawa sísàlẹ̀. Àlàfo tó bá wà láàárín ibi tẹ́ ẹ ṣírò àti ibi tí omi wà lóòótọ́ ni ẹ̀sùn tẹ́ ẹ lè gbé lọ bá aládùúgbò.

Ohun tí Jane Pirkis ti Yunifásítì Melbourne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún orílẹ̀-èdè 21 nìyẹn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet Psychiatry lọ́dún 2021. Wọ́n kó iye oṣooṣù jọ, ó kéré tán láti oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣírò ì-bá-jẹ́ fún oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ọdún 2020, wọ́n sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú wọn tí iye tó ṣẹlẹ̀ ti ga ju ì-bá-jẹ́ lọ lọ́nà tó ṣeé gbára lé. Ibi 12 ló tilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ní New Zealand, níbi tí 100 èèyàn ì bá ti kú, bí 79 ló kú.

Kì í ṣe pé ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lóṣù kẹta ọdún 2022 pé àìbalẹ̀-ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i káàkiri ayé lọ́dún àkọ́kọ́ àrùn náà. Ìjìyà ọkàn pọ̀ sí i, ikú kò sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kíyè sí irú rẹ̀ nígbà ogun láti ọdún 1897: nígbà tí ìyà bá kan gbogbo ìlú, àwọn èèyàn a máa fara mọ́ra wọn. Lọ́dún 2020, ìjọba púpọ̀ tún san owó fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹbí sì wà papọ̀ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti kánjú. Ẹ padà sí Japan. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Tanaka àti Okamoto, rí i pé láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà ọdún 2020, ìpara-ẹni lọ sílẹ̀ ní ìdá 14 nínú 100. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, ó gòkè ní ìdá 16. Láàárín àwọn obìnrin, ìdá 37 ni. Láàárín àwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́, ìdá 49. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ tí àrùn náà kọ́kọ́ tì pa, ilé oúnjẹ àti ilé ìtura, àwọn náà sì ni ìtọ́jú ilé já lé léjìká. Ká ní iye gbogbo ọdún nìkan ni wọ́n wò ni, 21,081, wọn ì bá ti rí i pé ó gòkè, ṣùgbọ́n wọn ì bá má mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n sáré lọ bá. Lóṣù kejì ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ yan mínísítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn tó dá wà láìní alábàárò. Ìdí tí mo fi ń ké nìyí: ẹni tó ṣì ṣeé dì mú ni ìṣirò yìí ń wá.

Àjálù tó jẹ mọ́ owó kì í fún èèyàn ní ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Olùṣèwádìí kan, Shu-Sen Chang, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orílẹ̀-èdè 54 wò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ajé ayé dojú dé lọ́dún 2008. Wọ́n fi ọdún 2000 sí 2007 ṣe àmì, wọ́n sì rí i pé bí 5,000 èèyàn ló kú lórí ì-bá-jẹ́ lọ́dún 2009 nìkan.

Ọ̀rọ̀ tiwa wá kù. Nínú orílẹ̀-èdè 21 àwọn Pirkis, Brazil wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan láti ilẹ̀ Áfíríkà. Láìsí àmì lára kànga, kò sí ì-bá-jẹ́. Nígbà kan, a bẹ̀rẹ̀: Dókítà Tolani Asuni ti Àrò l'Ábẹ́òkúta tú ìwé àwọn aṣèwádìí ikú òjijì fún ìjọba (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coroner) ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1962. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ òótọ́ sílẹ̀ nípa ọmọ rẹ̀ nígbà tí abala 327 òfin ọ̀daràn tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ fún gúúsù ilẹ̀ yìí ní kí ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura? Àwọn mọ̀lẹ́bí á ní ibà ni, wọ́n á ní ó jìn sí kànga. Òfin Èkó ti yí tirẹ̀ padà: ó ní kí ilé-ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn. Kí àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba sì máa kọ iye oṣooṣù sílẹ̀, láìkọ orúkọ, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí. Níbi tí àkọsílẹ̀ ti kúrú jù lọ lọ́wọ́ àwọn Pirkis, oṣù 15 ni wọ́n ní kí àrùn tó dé, ìyẹn sì tó wọn ṣírò.