Wọ́n ní ìjì ń bọ̀, kò dé: ṣé irọ́ ni wọ́n pa?

Ní ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún 2019, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Oklahoma City ti ilẹ̀kùn. Storm Prediction Center, àjọ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì ní Amẹ́ríkà láti Norman, ti gbé ewu ọjọ́ náà dé ìpele tó ga jù nínú márùn-ún tí wọ́n ní. Àwọn òbí kó ọmọ sílé, wọ́n ń wojú ọ̀run. Ilẹ̀ ṣú, tornado (ìjì tó ń yí bí òkòtó) ńlá kankan kò jà ní ìgboro. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e: "Irọ́ ni. Wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá ni."

Nọ́ńbà ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Níbi tí ewu ti le jù lọ́jọ́ yẹn, 45 nínú 100 ni wọ́n kọ fún tornado. Ohun tó ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọ̀kan bọ́ sí ibì kan láàárín bíi 40 kìlómítà sí ibi tí o dúró sí, tó bí ìrìn Ìbàdàn sí Ìwó. Tornado fúnra rẹ̀ lè má fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù díẹ̀ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó burú jù pàápàá, àìrí rẹ̀ ló sún mọ́ ọ jù. Ní Mangum, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma kan náà, wọ́n rí i lọ́jọ́ yẹn.

Kí ló wá ń mú kí ọjọ́ míì jáni kulẹ̀? Ẹ wo ìkòkò tó wà lórí iná pẹ̀lú ọmọrí. Ní ìgbà ìrúwé, afẹ́fẹ́ olóoru tó kún fún ọ̀rinrin máa ń ti Òkun Mẹ́síkò gòkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Texas àti Oklahoma. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbígbẹ láti ilẹ̀ gíga Mẹ́síkò á sì dé e lórí. Oòrùn ń koná mọ́ ọn nísàlẹ̀. Bí ọmọrí bá ṣí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tó ti ń hó láti àárọ̀ á ru sókè lẹ́ẹ̀kan: ààrá, yìnyín tó tó ọsàn, ìjì tó ń yí. Bí kò bá ṣí, oòrùn á wọ̀, ó parí. Ìgbà míì, òjò àárọ̀ á ti pa iná náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀run tó mọ́ roro láàárọ̀ kì í fi í ṣe ìròyìn ayọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo sì kọ́ ni wọ́n ń sọ. Lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ tútù ńlá kan jókòó sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó ń rán ìgbì kan tẹ̀ lé òmíràn wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan tó tóbi báyìí ni kọ̀ǹpútà lè rí ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Àdúgbò tí yóò kàn ni kò lè rí. Ìjì àná máa ń fi afẹ́fẹ́ tútù sílẹ̀, etí ibi tí ìyẹn dúró sí ni ìjì òní sì sábà ń ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ ya etí náà sórí àwòrán kí ìjì àná tó jà?

Ọjọ́ Ajé ni àwọn èèyàn fi àwọn tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Lóru Ọjọ́rú, tornado ya wọ Jefferson City ní Missouri. Lóru Sátidé, ọ̀kan pa èèyàn méjì ní El Reno, ìtòsí Oklahoma City níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé kejì, ó kan Dayton ní Ohio.

Bí ẹ bá wo àwòrán tí Storm Prediction Center ń yà fún ọjọ́ kẹrin sí ìkẹjọ tó ń bọ̀, nọ́ńbà méjì péré ló máa ń wà níbẹ̀, 15 àti 30 nínú 100. Ọgbọ̀n kéré lójú ẹni tó ń ka máàkì ìdánwò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ariwo ńlá nìyẹn. Níbi tí wọn kò bá sì kun nǹkan kan, wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: bóyá ewu kéré, tàbí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò tíì yé àwọn. Èmi kò tíì pàdé bàbá tó ń dá òjò dúró níbi òde àríyá tó sọ bẹ́ẹ̀ rí.