Hypoxic training: èémí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún ìdíje

Bí ọmọ yín bá ti wọ ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ tó ń díje, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ tí kóòṣì ń ké létí omi pé, "Ẹ mí lẹ́yìn mẹ́ta! Ó ti di márùn-ún!" Iye ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ju apá kó tó yíjú mí ló ń sọ. Ìdánrawò yìí ni wọ́n ń pè ní hypoxic training. James Counsilman, kóòṣì Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè. Èrò ìgbà náà ni pé ọ́síjìn yóò wọ́n ara, ara yóò sì kọ́ láti máa fi díẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Kábọ́nì dáyọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí a ń mí síta, ló ń kóra jọ.

Orí kábọ́nì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ọmọ bá sé èémí, tí àyà rẹ̀ ń le, tó ń wá afẹ́fẹ́ lójú méjèèjì, ọ́síjìn rẹ̀ kò tíì tán. Ọpọlọ ló rí i pé kábọ́nì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ló bá ní kó mí kíá. Ìdánrawò náà ń kọ́ ọmọ láti fara dà á díẹ̀ láìjáyà, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má dàrú.

Ó wúlò, n kò ní purọ́. Nínú mítà 50 freestyle (ìlúwẹ̀ẹ́ àdojúbolẹ̀ tí a ń ju apá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan), àwọn àgbà òjẹ̀ lè mí lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mí rárá, torí yíyí orí lè dín eré kù. Abẹ́ omi náà sì yá ju òkè lọ fún ẹni tó mọ ẹsẹ̀ ta. Ní Olympics Seoul 1988, Daichi Suzuki ará Japan gba góòlù mítà 100 àfẹ̀yìnlé, David Berkoff ará Amẹ́ríkà ṣe ìkejì. Àwọn méjèèjì lo ju ìdajì púùlù àkọ́kọ́ lọ lábẹ́ omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi òfin dè é. Lónìí, mítà 15 ni òpin, ibẹ̀ ni orí gbọ́dọ̀ ti yọ.

Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Èyí tó nílò ni kó máa fẹ́ èémí síta díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ wà nínú omi. Ọmọ tó bá sé e, tó di ìgbà tó yíjú kó tó fẹ́ ẹ síta, kò ní ráyè mí wọlé dáadáa. Mẹ́ta-mẹ́ta náà dára fún un, torí ó ń jẹ́ kó mọ ọ̀tún àti òsì mí sí.

Ibi tí ewu wà ni kí ọmọ máa mí lemọ́lemọ́ létí omi kó tó rì wọlé, pé òun ń kó ọ́síjìn jọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ́síjìn tẹ́lẹ̀. Kábọ́nì ló ń lé jáde, bí ẹni yọ bátìrì aago tí yóò jí i. Ọ́síjìn yóò máa lọ sílẹ̀, ọpọlọ kò ní rí ohun tí yóò fi kìlọ̀, ọmọ yóò kàn dákú sábẹ́ omi. Shallow water blackout ni wọ́n ń pè é, omi tó mu ún dé àyà ti tó. Kì í pariwo, kì í jà. Ẹni tó wà lókè lè rò pé eré ló ṣì ń ṣe. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa ló sì sábà ń ṣẹlẹ̀ sí. American Red Cross àti USA Swimming, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi kóòṣì ní ohun mẹ́ta: ṣé ọmọ lè mí nígbà tó bá fẹ́ láìsí ìjìyà, ṣé ó ń sinmi dáadáa láàárín ìpele, ta ló sì ń wo omi? Ìdíje "ta ló máa pẹ́ jù lábẹ́ omi" kò sí nínú ìdánrawò kankan, ì báà jẹ́ ní púùlù hòtẹ́ẹ̀lì nígbà ìsinmi. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, ẹ sọ fún kóòṣì kí ọmọ tó wọ omi, kí ẹ sì fi ìfàsímú (inhaler) rẹ̀ sí etí púùlù.