Pẹpẹ ìwé ara ògiri: ibo ni owó ń gbà jò, kí ló sì ń mú pákó yọ ikùn?

Ìbéèrè: Ìwé mi ti kún Ghana-must-go mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ pẹpẹ tó gba odidi ògiri kan, tó máa dà bíi pé wọ́n kọ́ ọ mọ́ ilé látilẹ̀ ni. Káfíńtà pe owó, àyà mi já. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wọ́n tó ni, àbí ó wo ojú mi pe owó?

Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bá a ná an, ẹ bi í pé ínṣì mélòó ni pẹpẹ náà máa jìn. Bó bá ní 12, ibẹ̀ gan-an ni owó yín ti ń jò. Odidi plywood kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 48. Lójú, ẹ̀là mẹ́rin oní-ínṣì 12 ló yẹ kó jáde nínú rẹ̀. Àmọ́ ayùn ń jẹ nínú pákó: gbogbo ìgbà tó bá là á kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì ló ń sọ di ìyẹ̀fun. Ẹ̀là mẹ́ta máa pé, ìkẹrin á dín.

Ẹ ní kó là á ní ínṣì 9. Ẹ̀là márùn-ún ló máa jáde, tínńrín kan tó lé ní ínṣì 2 á tún ṣẹ́kù. Ṣé ìwé á dúró lórí ínṣì 9? Á dúró dáadáa. Ìwé A4, tó tóbi ju ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹ ní lọ, ìbú rẹ̀ kò ju ínṣì 8 àti díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Plywood mélòó wá ni màá rà? Ògiri mi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8.

Mẹ́ta, oní-mílímítà 18. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ọ̀hún. Pákó àkọ́kọ́ di òpó márùn-ún tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Òpó márùn-ún pín ògiri sí àlàfo mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 23. Ẹ̀là kọ̀ọ̀kan nínú pákó kejì àti ìkẹta máa ń di pákó ìdúbùú mẹ́rin. Bí àlàfo kọ̀ọ̀kan bá gba mẹ́jọ, pẹ̀lú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32, ẹ̀là mẹ́jọ sì ti kárí rẹ̀. Àyè tó wà láàárín pákó kan àti èkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 13, A4 á dúró lóòró níbẹ̀. Ẹ̀là méjì á ṣì kù fún fífi bo etí àti òkè. Tínńrín tó ṣẹ́kù lára pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má jẹ́ kó jù ú nù. Kó là á sí méjì, kó gé e ní ínṣì mẹ́jọ mẹ́jọ, kó fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kàn án mọ́ òpó: orí rẹ̀ ni pákó ìdúbùú máa jókòó lé.

Ìbéèrè: Pẹpẹ ìyá mi yọ ikùn bí aboyún, bẹ́ẹ̀ pákó gidi ni wọ́n fi ṣe é. Kí ló fà á?

Mo dúpẹ́ pé ẹ bi mí léyìí. Igi la sábà máa ń dá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n ló jẹ̀bi. Ìwé wúwo ju bó ṣe ń rí lójú lọ. Àyè kan tó fẹ̀ tó ínṣì 23, bí ìwé bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó lè gbé kílò 15 sí 20. Gbogbo ògiri yín lápapọ̀ á sún mọ́ àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá.

Ohun tó ń yani lẹ́nu nìyí: bí ẹ bá sọ ínṣì 23 di 46, tí ìwé kún un bákan náà, pákó náà ò ní tẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po 16 ló máa fi tẹ̀. Nínípọn náà ní ìṣirò tirẹ̀: pákó oní-mílímítà 12 máa tẹ̀ ju oní-18 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pákó gbọọrọ tí kò ní òpó láàárín, tó máa ń wu èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, fi ń dójú tini nílé. Igi sì tún ní ìwà kan: bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ti ìyá yín, ẹ kó ìwé kúrò, ẹ yí pákó náà dojú dé, kẹ́ ẹ sì ti òpó kan sí abẹ́ rẹ̀ láàárín.

Ẹ ṣọ́ra fún MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ dán, ọ̀dà mú un dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ju plywood lọ, omi sì ń mú un wú.

Ìbéèrè: Ṣé pákó igi gidi kọ́ ló dáa jù, bí ìrókò?

Bí owó bá wà. Arére rọjú, ṣùgbọ́n ó rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ẹ rà á ní Bódìjà nígbà òjò, ẹ kàn án, ọyẹ́ á dé, á lọ́ bí ejò. Plywood kì í ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n fi ìpele rẹ̀ dábùú ara wọn kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí ó kàn án mọ́ ògiri ni?

Orí ilẹ̀ ni kí òpó ti gbé ẹrù. Ẹ rántí pé inú búlọ́ọ̀kù wa ní ihò. Bí ẹ bá fi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá kọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ kan lẹ máa gbọ́ ariwo. Kó kàn fi irin oní-igun kọ̀ọ̀kan de orí òpó mọ́ ògiri kó má bàa dojú dé, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé, torí wọn ò lè ṣe kí wọ́n má gùn ún.

Ìbéèrè: Ikán ńkọ́?

Mo gbé pẹpẹ àkọ́kọ́ mi kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ìgbà òjò kan ṣoṣo kọjá, mo fa ìwé atúmọ̀ èdè yọ, ẹ̀yìn ìwé nìkan ló tẹ̀lé mi lọ́wọ́. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kó fi igi 2 by 3 ṣe ìdúró fún un, kó fi òògùn ikán kun ún kó tó gbé e kalẹ̀. Pákó tó máa fi bo iwájú ìdúró náà, kó má kàn án pa. Ẹ máa yọ ọ́ lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, wọ́n ti dé nìyẹn. Bí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri náà bá sì ń ṣí, omi ló ń fà wá láti ìpìlẹ̀. Ẹ wá ògiri mìíràn.

Ìbéèrè: Kí ló máa wá jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n kọ́ ọ mọ́ ilé?

Kí àlàfo má ṣe hàn níbi tí òun àti ògiri ti pàdé, kí àwọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri wa kì í sábà tọ́, nítorí náà kó gbé pákó etí ti ògiri, kó fi pẹ́ńsù fa ilà tẹ̀lé bí ògiri ṣe wọ́, kó sì fá a títí wọ́n á fi mú ara wọn. Ihò kéékèèké, kó po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gọ́ọ̀mù dí i, kó fi sánpépà ha á. Ẹ má ra pákó ẹ̀yìn rárá. Ògiri ni ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kun ún ṣáájú.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá tiẹ̀ gbẹ lójú lọ́jọ́ kejì. Èmi ò ní sùúrù nígbà tèmi. Ìwé tí mo kọ́kọ́ tò sórí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, àpá etí wọn ṣì wà lára pákó náà títí dòní.